Òun Nìkan Ni Mo Rí: Ọ̀rọ̀ Àwọn Dókítà Tuntun Kàn Wá

 

Ó lè ya àwọn kan l'ẹ́nu pé ọ̀rọ̀ dókítà ni a gbé sí ojú ewé yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti ti ofataimu ṣì wà n'ílẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan nínú wa ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà l'ẹ́nu iṣẹ́ òru nígbà tí ẹ̀rọ mú un l'ọ́wọ́. Aago kan òru ti kọjá kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ìjọba. Dókítà kan ṣoṣo ni wọ́n bá ní yàrá pàjáwìrì, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin l'ẹ́nu iṣẹ́ lọ. Àárọ̀ ọjọ́rú ni ó ti wọṣẹ́. Òru ọjọ́bọ̀ mọ́jú ọjọ́ ẹtì ni wọ́n gbé èèyàn wa dé. Aláìsàn kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn jókòó sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ náà fọ ojú ọgbẹ́, ó dì í, ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ó tẹ ọ̀gá rẹ̀ l'áago l'ẹ́ẹ̀mẹta. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ọ̀gá tó dé. Ìka méjì lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹ̀ka wa, ariwo sọ. Àwọn kan ní kí á pe dókítà náà l'ẹ́jọ́. Àwọn kan ní kí á lọ bá a ní ọsibítù kí á fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ẹni tó ni ọwọ́ ló dìde, ó ní: "Ẹ má ṣe fi ọmọ yẹn ṣe nǹkan kan. Òun nìkan ni mo rí." Ìpàdé dákẹ́.

Gbólóhùn yẹn ni a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni ó rí?

LÁNÀ NI DÓKÍTÀ TUNTUN

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà n'ílẹ̀ wa yóò lo ọdún mẹ́fà, ó kéré tán, ní yunifásítì. L'ọ́jọ́ tó bá búra, MDCN, ìyẹn àjọ tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ dókítà, yóò fún un n'ìwé, ṣùgbọ́n ìwé onígbà díẹ̀ ni. Ìwé yẹn kò fún un l'áṣẹ láti dá dúró fún ara rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ lo oṣù 12 l'ábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù tí MDCN fọwọ́ sí. Oṣù mẹ́ta ni yóò lò ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn àwọn àgbàlagbà, mẹ́ta ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, mẹ́ta ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé, àti mẹ́ta ní ẹ̀ka àwọn aboyún. House Officer ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní ọdún náà. Bó bá parí rẹ̀ dáadáa ni yóò tó gba ìwé àṣẹ kíkún, tí yóò sì lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní NYSC.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ ti mọ ohun tí èyí jọ. Lánà ni. Ẹni tó lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ ń wakọ̀ l'óòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní láìsẹ́ńsì gbọdọ̀ jókòó tì í. Bí ẹ bá rí lánà tó ń dá gbé èrò l'óru láti Ìbàdàn sí Èkó, tí jàǹbá sì ṣẹlẹ̀, ta l'ẹ ó dá l'ẹ́bi? Ṣé ọmọ tó di sítíárì mú ni, àbí ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ tí òun sì lọ sùn?

Ẹ̀yin ará fakitiri, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ṣe fúríìdọ̀mù kì í dá dúró n'ídìí ẹ̀rọ ńlá. Fọ́mánì tó bá gbà kí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka yìí yóò ti fà á dé iwájú manija kí ilẹ̀ tó ṣú. Èèyàn tó wà l'órí bẹ́ẹ̀dì ṣe iyebíye ju irin lọ.

ỌSIBÍTÙ TÍ ÈRÒ PỌ̀ SÍ, ILÉ Ẹ̀KỌ́ GIDI NI

Àṣà ọdún ìkọ́ṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1953 ni wọ́n ti fi dandan lé e, l'ọ́wọ́ wọn ni ilẹ̀ wa sì ti mú un. Kò sì sí ohun ìtìjú nínú pé ọsibítù tí èrò pọ̀ sí ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kò ní ọsibítù tirẹ̀. Adéòyó, ọsibítù àwọn ará ìlú, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń rí aláìsàn, títí UCH fi ṣí ìlẹ̀kùn ní 1957.

Kò sí ibi tí dókítà tuntun ti lè rí iṣẹ́ kọ́ bí ọsibítù ìjọba. Níbẹ̀ ni ọmọ tí ibà ti sọ di ẹni tó ń gìrì ń dé. Níbẹ̀ ni ẹni tí mọ́tò gbá ń dé, àti aboyún tó ti rọbí fún ọjọ́ méjì ní ilé kí wọ́n tó gbé e wá. Ìwé ti sọ ohun tó yẹ kí á ṣe fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà l'ẹ́yìn ìbímọ kì í dúró de dókítà kí ó lọ ṣí ìwé. Ẹni kan gbọdọ̀ ti fi ọwọ́ dókítà náà sí orí ikùn obìnrin kan rí, kí ó fi bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ra ilé ọmọ kí ó lè le hàn án, kí ó kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ tí yóò kọ́kọ́ fún un, àti ìgbà tó yẹ kí ó pariwo fún ìrànlọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nìyẹn: wo èmi, ṣe é l'ójú mi, l'ẹ́yìn náà kí o dá a ṣe.

Èrò púpọ̀ nìkan kì í kọ́ ọmọ n'íṣẹ́. Bí ọ̀gá kò bá sí n'ítòsí, àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ ṣe l'óru àkọ́kọ́ ni yóò tún ṣe l'óru kẹwàá, yóò sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní ọsibítù mìíràn, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi House Officer ṣe kò tilẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Òun ni yóò gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò, òun ni yóò wá fáìlì, òun ni yóò sáré ká ilé wá ìbọ̀wọ́. Wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí.

OORUN KÌ Í MỌ IPÒ

Ta ni yóò sọ fún wa nípa àìsùn? Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà lọ sí òkè ọya mọ̀ pé ojú lè là sílẹ̀ kí ọpọlọ ti sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru mọ aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí, ìgbà tí ọwọ́ kì í gbọ́ ti ojú mọ́. Àwa máa ń sọ pé ófátáìmù tó pọ̀ jù ń pa èèyàn. Ó yẹ kí á mọ̀ pé oorun kì í bi èèyàn l'éèrè bóyá ó ka ìwé.

Ní ọdún 1984, ọmọbìnrin ọdún 18 kan, Libby Zion, kú ní ọsibítù kan ní New York láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n gbà á wọlé. Àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ti wọ̀ l'ọ́rùn, ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ l'óru ọjọ́ náà, tí ọ̀gá wọn kò sí n'íbẹ̀. Baba rẹ̀, tí í ṣe akọ̀ròyìn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1989, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin pé irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 l'ọ́sẹ̀ lọ, àti pé ọ̀gá gbọdọ̀ máa mójú tó wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 48 l'ọ́sẹ̀ ni òfin fi sí fún wọn láti oṣù kẹjọ ọdún 2009.

Ní ilé wa ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ l'óòjọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin náà ń sọ ẹni tó ń jẹ́ òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn ọ̀gá aláṣẹ àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ ìwé gíga ṣiṣẹ́ kúrò. Dókítà wà l'ára wọn. Ààbò tí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ fakitiri ní l'ójú òfin, ẹni tó ń di ọgbẹ́ rẹ̀ l'óru kò ní in.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀rọ agbéniròkè já ní ilé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba kan ní Erékùṣù Èkó. Ọ̀dọ́mọbìnrin House Officer kan tó wà nínú rẹ̀ kú. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì ló kù kí ó parí ọdún rẹ̀. L'óṣù tó tẹ̀lé e, ọ̀dọ́kùnrin House Officer mìíràn kú ní Èkó kan náà. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti wà l'ẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí 72. Bó bá jẹ́ fakitiri wa ni, ǹjẹ́ à bá dákẹ́?

OHUN TÍ ÀWỌN KAN Ń SỌ

Àwọn kan ń sọ pé dókítà kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, pé wọ́n ń gba owó jù wá lọ, pé bí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn wa ni ó ń jìyà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, a kò ní fi pamọ́. Ìyá ẹni kan nínú wa lè wà ní ọsibítù l'ọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ NARD daṣẹ́ sílẹ̀: owó oṣù tí wọ́n jẹ àwọn House Officer wà l'ára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tí kò rí owó gbà, a mọ orúkọ tí à ń pè é. Òṣìṣẹ́ ni.

Àwọn mìíràn ń bèèrè pé: ṣé kí dókítà fi aláìsàn sílẹ̀ kí ó lọ sùn ni? Rárá o. Ẹ̀rọ wa kì í dúró nítorí pé aago méjì lù. Ẹni tó ń jáde ń fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń wọlé l'ọ́wọ́, á sì sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ fún un. Ohun tó yẹ ní ọsibítù náà nìyẹn. Bí wọ́n bá sì ní èèyàn kò tó, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì fi ń jókòó sí ilé baba wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí wọ́n ń wá àyè ọdún ìkọ́ṣẹ́ yìí tí wọn kò rí? Àwọn kan ń wá iṣẹ́ n'íta, àwọn kan ò sùn n'ínú. Ìjọba tó bá ṣí àyè sílẹ̀ yóò yanjú méjèèjì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àbá kan wọ Ilé Aṣòfin Àbújá pé kí wọ́n má ṣe fún dókítà ní ìwé kíkún títí yóò fi ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún n'ílé, kí wọ́n má bàa máa sá lọ sí òkè òkun. Ó ń dùn wá pé wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n okùn kì í mú ọmọ iṣẹ́ dúró bí ẹ̀kọ́ rere àti owó oṣù tó ń wọlé l'ásìkò. Bí wọ́n bá so dókítà mọ́lẹ̀ l'ónìí, dírẹ́bà ni yóò kàn l'ọ́la.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

A ń dábàá fún ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ pé kí ẹ̀ka wa gbé nǹkan mẹ́rin lọ sí iwájú àwọn aláṣẹ ọsibítù, kí á sì ní kí NLC ìpínlẹ̀ bá wa gbé e.

Èkíní, kí ọ̀gá dókítà wà nínú ọgbà ọsibítù l'óru, kì í ṣe l'orí tẹlifóònù. Èkejì, kí òpin wà sí wákàtí tí dókítà tuntun yóò fi ṣiṣẹ́, kí ibi tí wọ́n ti lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sì wà, ní ilé tí kò ní wó pa wọ́n. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣí àyè sí i fún àwọn tó ń dúró n'ílé. Ẹ̀kẹrin, kí owó oṣù wọn máa wọlé bí oṣù bá ti parí.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe gbé ọwọ́ s'ókè sí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, bí ó ti wù kí inú bí wa tó. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ bèèrè pẹ̀lú ẹ̀sọ̀ pé: "Ta ni ọ̀gá tó wà l'ẹ́nu iṣẹ́ l'óru yìí? Ṣé ó ti gbọ́?" Ẹ̀tọ́ yín ni láti bèèrè, ó sì lè ran dókítà kékeré náà l'ọ́wọ́. Bí ọ̀gá kò bá dé, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ mú un wá fún sẹ́kítárì ẹ̀ka.

Ẹni tó ń wò wá l'óru òní, ọ̀gá ni yóò jẹ́ l'ọ́la, òun ni yóò sì wo àwọn ọmọ wa. Bí a bá kọ́ ọ dáadáa, àwa ni a ó jẹ èrè rẹ̀. Bí a bá sì fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn, àwa náà ni a ó san án, ní ìka méjì méjì.

Èèyàn wa ti padà sí ẹnu iṣẹ́ báyìí, ní ẹ̀ka tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká. À ń fẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá tún gbé dé ọsibítù náà l'óru lè sọ pé: "Èèyàn méjì ni mo rí, ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀."

Ìṣọ̀kan l'agbára wa.

OLÓÒTÚ