Ẹni Tí Wọ́n Ń Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀ Kọ́ Ni Ẹni Tí Wọ́n Kọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi Chelsea àti Arsenal sílẹ̀ lónìí, ká sọ̀rọ̀ Jesse Chavez, ará Amẹ́ríkà tó fi béèsìbọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ. Ẹgbẹ́ 9 ló bá ṣeré. Ẹlòmíì á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rọlẹ̀, pé tó bá dára ni, ibì kan ì bá ti dì í mú. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí ná. Ẹni tó kọ́kọ́ ń ju bọ́ọ̀lù, apá á máa ro ó kí eré tó parí. Wọ́n á wá pe ẹlòmíì tó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá látàárọ̀. Nígbà míì, kó tó dé ibẹ̀, àwọn alátakò ti dúró sí ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n kàn ń wá ọ̀nà àtisáré wálé ni, kì í sì í ṣe òun ló fà á. Nígbà míì, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fìdí rẹmi tán, kí apá àwọn tó kù lè sinmi ni wọ́n ṣe ní kó máa jù ú. Iṣẹ́ Chavez nìyẹn. Ta ní ń kọrin irú wọn?

Ní 2002, ìpele 42 ni Texas tó pe orúkọ rẹ̀. Ó ju 1,000 ọ̀dọ́ lọ tí wọ́n ti mú ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò dín ní ìgbà 10 tí wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Tampa Bay gbà á ní oṣù kọkànlá 2009, nígbà tó di oṣù kejìlá wọ́n ti tún gbé e fún Atlanta. Kò ju bọ́ọ̀lù ẹyọ kan fún wọn. Ọdún 2022 ló wá pa wá lẹ́rìn-ín jù. Atlanta gbà á lọ́wọ́ Cubs ní oṣù kẹrin. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n gbé e fún Angels nítorí Raisel Iglesias. Kí oṣù yẹn tó parí, Angels yọwọ́, Atlanta yìí kan náà sáré lọ mú un padà!

Àbí ẹni tí ò wúlò ni wọ́n ń wá báyẹn?

Ohun tó ń bí wa nínú ni ti òfin wọn. Kí eléré tó lè sọ pé òun ò lọ, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 10 nínú líìgì, kó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti lo 5 tó gbẹ̀yìn. Ẹ wò ó o: ẹni tí wọ́n ń ṣí kiri lọ́dọọdún, níbo ló ti fẹ́ rí ọdún márùn-ún yẹn? Ẹni tó nílò ẹ̀tọ́ náà jù ni ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó o. Ó ní láti tún dì ẹrù, kó tún wá ilé, àwọn aráalé rẹ̀ náà ńkọ́? Kò tọ́ rárá.

Síbẹ̀ náà, ní oṣù kẹwàá 2021, nígbà tí èjìká ń dun Huascar Ynoa tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ eré kẹrin pẹ̀lú Dodgers, Chavez ni Atlanta ní kó bọ́ síbẹ̀. Wọ́n borí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gba ife World Series lọ́dún yẹn. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tó fẹ̀yìn tì ní oṣù keje 2025. Aṣọ Atlanta ló wọ̀ kẹ́yìn.