Ta Ni Yóò Tẹ Ilẹ̀ Tútù ní Bermondsey?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí ní Bermondsey, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù? Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ àti bísíkíìtì láyé àtijọ́. Afárá rélùwéè oníbíríkì tí a ṣí ní 1836 là á kọjá. Abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn, ariwo ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dá lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn apọntí kéékèèké yá; ilé ìpọntí The Kernel ni ó ṣáájú wọn ní 2009. Lónìí, ní ọjọ́ Sátidé, àwọn afinimọ̀nà ń kó àlejò kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n ń tọ́ bíà wò, wọ́n sì ń náwó.

A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ife ọtí. Ohun tí ó ká wa lára ni pé ní 2019, Network Rail, iléeṣẹ́ ìjọba, gbé irú ìsọ̀ abẹ́ afárá bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 5,000 ní England àti Wales fún àwọn olówó ńlá fún 150 ọdún, ní bílíọ̀nù £1.46. Láti 2018 ni àwọn ayálégbé ti dá ẹgbẹ́ Guardians of the Arches sílẹ̀, tí wọ́n ń ké gbàjarè lórí owó ìsọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀ràn yìí kò jìnnà. Ní Southwark kan náà ni Peckham wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń yá ìsọ̀ tajà. Ẹni tí ó sọ ààtàn di ọjà kò gbọdọ̀ di ẹni tí a lé kúrò lọ́jà. Ìjọba tí ó bá fẹ́ràn òṣìṣẹ́, kí ó fi òfin dí ọ̀nà àfikún owó ìsọ̀ tí kò mọ níwọ̀n.