Ìjókòó méjì péré: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ mi

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé fídíò ọkọ̀ mi síta, ìbéèrè mẹ́ta lẹ ń bi mí: Ẹlòó ni? Ta ló máa jókòó lẹ́yìn? Ta ló rà á fún ẹ? Màá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ kí n tètè la èrò mi kalẹ̀ ná: ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́, tí kò jẹ gbèsè, tó sì ti ṣírò ohun tí ọkọ̀ máa ná an, lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ọkọ̀ torí pé ọkọ̀ yẹn wù ú. Kò dìgbà tó bá dé Lẹ́kí. Ilérò níbí ni mo ń gbé, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

2/
Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí fídíò náà: Mazda MX-5 ni, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Ìjókòó méjì ló ní, kò sí ti ẹ̀yìn rárá. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀. Wàá tú ìkọ́ méjì tó wà lókè gíláàsì iwájú, wàá tì í sẹ́yìn, ó ti ká nìyẹn. Kò sí bọ́tìnnì kankan tí wàá tẹ̀. Ti 2001 ni tèmi, jíà ọlọ́wọ́ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí kó tó kàn mí, ọwọ́ ẹnì kan n'Ìbàdàn ni mo ti rà á.

3/
Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀: wọn ò ṣe ọkọ̀ yìí fún olówó. Ní 1979, oníròyìn ọkọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, Bob Hall, sọ fún Kenichi Yamamoto tó jẹ́ ọ̀gá ní Mazda pé ó yẹ kí ẹnì kan tún máa ṣe ọkọ̀ kékeré aláìlórùlé tí kò wọ́n, irú èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ní February 1989, Mazda gbé e jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago. Ẹ́ńjìnnì 1.6 ni àkọ́kọ́ ní, kò sì wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tó fi máa di April 2016, wọ́n ti ṣe é dé mílíọ̀nù kan. Ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú àwọn ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì oníjòókòó méjì, òun ló tà jù láyé. Nǹkan tí mílíọ̀nù èèyàn rà kì í ṣe nǹkan ọba.

4/
Ẹlòó ni? Ó fi nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dín sí iye tí ẹ̀gbọ́n mi ra Camry Muscle tiẹ̀ lóṣù kan náà. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nílẹ̀ yìí, ẹni tó máa ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́la ló ń sọ iye tí wàá rà á lónìí. Gbogbo èèyàn ló ń wá Muscle, wọ́n ń wá Spider, wọ́n ń wá Honda Discussion Continues, torí ó ń kó èrò, páàtì rẹ̀ wà níbi gbogbo, tówó bá sì tán, ọjọ́ méjì o ti tà á. Ta ló ń wá oníjòókòó méjì? Ẹni tó tà á fún mi ti gbé e síta fún oṣù mélòó kan, wọ́n kàn ń wá ya fọ́tò lára rẹ̀ ni. Ohun tí èrò ò bá dù, owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí apá kejì ọ̀rọ̀ náà o: bó ṣe pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó tà á, bẹ́ẹ̀ náà ló máa pẹ́ lọ́wọ́ mi.

5/
Ó yá, ibi tó le jù nìyí, pàápàá fún àwa ará Òkè-Ògùn tí ẹnubodè ò jìnnà sí. Ẹnì kan á pè ẹ́, á ní òun ní ọ̀kan ní Kutonu, òun á bá ẹ gbé e gba inú igbó wọlé, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ọmọ ìyá mi, sá. Láti January 1, 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, ì báà jẹ́ tuntun, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ó wà lórí àtòkọ ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀ pé ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ kò gbọdọ̀ wọlé.

6/
Ẹ ṣírò ẹ̀. MX-5 olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa ń wò lórí fóònù, ti 1989 sí 2005 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò sí èyí tó lè bá òfin wọlé lónìí nínú wọn. Nítorí náà, tó o bá ń wá èyí tí kò wọ́n, èyí tó ti wọlé látijọ́ tí wọ́n ti san owó kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀ ni kó o wá. Gba ìwé owó náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wo nọ́ńbà ṣásí fúnra rẹ, kó o fi wé èyí tó wà nínú ìwé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ fàyàwọ́ kì í ṣe ọkọ̀ rẹ. O kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ títí dọjọ́ tí wọ́n máa gbà á ni. Ọkọ̀ tí kò sì fara sin lójú títì, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa dá a dúró.

7/
Ẹ tún wo síárìn. Apá òsì ni tiwa, torí láti April 2, 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. MX-5 tó bá ti Japan tàbí ìlú ọba wá, apá ọ̀tún ni síárìn rẹ̀ wà. Wọ́n á ní àwọn ti gbé e sódì kejì fún ẹ. Ta ló gbé e? Báwo ló ṣe jó irin rẹ̀ pọ̀? Síárìn kọ́ ni ibi tó yẹ kéèyàn ti máa fowó pa mọ́. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ni kó o wá.

8/
Ohun tí mo ní kí mẹkáníìkì yẹ̀ wò kí n tó sanwó nìyí. Ẹ tọ́jú ẹ:

Ìdógùn-ún. Àwọn ìlú olótùútù máa ń da iyọ̀ sójú títì, iyọ̀ náà á sì jẹ irin. Ẹ tẹ abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì, níwájú táyà ẹ̀yìn. Tọ́wọ́ bá wọlé, ẹ máa lọ.

Ojú ihò omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aṣọ máa ń gba ihò kékeré méjì lẹ́yìn ìjókòó jáde. Tí ewé bá dí i, inú ọkọ̀ lomi máa dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni ìdógùn-ún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó jáde ṣáájú 2005 ń lo bẹ́líìtì onírọ́bà, nǹkan bí 100,000 kìlómítà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ni tó ń tà á ò bá rántí ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ṣírò owó tuntun mọ́ ọn.

Bátìrì. Inú búùtù ló wà, kì í ṣe iwájú. Kẹ́ ẹ má lọ máa wá a kiri.

9/
"Páàtì ń kọ́?" Ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnnì tí Mazda fi sínú àwọn 323 kan, ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa àgbà ti tú palẹ̀ tí wọ́n tún tò. Mo máa ń rí ohun ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì ní Arárọ̀mí, Àgódi Gate. Tí mi ò bá rí i níbẹ̀, mo máa ń rán èèyàn sí Ládípọ̀ l'Ékòó. Òrùlé aṣọ àti gíláàsì iná iwájú ni ìdààmú. Òkè òkun lèèyàn ti ń béèrè ìyẹn, á sì dúró. Ẹ ní owó kan nílẹ̀ fún un kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀.

10/
Báwo ló ṣe rí láti wà á? Ó lọ sílẹ̀, ilẹ̀ gan-an ni. Bọ́m̀pù táwọn ọmọ àdúgbò fi amọ̀ mọ fúnra wọn, ẹ̀gbẹ́ ni mo máa ń gbà á, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin. Ọ̀sán gangan, òrùlé wà lórí, torí oòrùn Òkè-Ògùn ò mọ ẹlẹ́wà. Ìgbà ọyẹ́, eruku á wọ etí. Gèlè? Ẹ má dábàá ẹ̀. Àmọ́ ẹ wà á ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, lójú ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, kí ìrì ṣì wà lára koríko, kẹ́ ẹ máa gbóòórùn igi tí wọ́n ń sun, kẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń kí ara wọn lọ sóko. Ọ̀nà yẹn ni mo ti ń wọ mọ́tò láti kékeré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

11/
Ẹ má sì rò pé eré sísá ni adùn ẹ̀. Òfin ní 50 nígboro, 80 lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni, màlúù sì lè yọ níbi tó bá wù ú. Ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú, 60 ti tó mi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olówó ńlá, ó dìgbà tó bá ń sáré pa ẹni kéèyàn tó mọ̀ pé òun ń wakọ̀. Níbi tí ọkọ̀ kékeré yìí ti dáa nìyẹn.

12/
Ìbéèrè kejì: ta ló máa jókòó lẹ́yìn? Àbúrò bàbá mi ló bi mí jù. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ọkọ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan nílùú yìí. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ilẹ̀kùn ta la máa kàn?" Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, torí òótọ́ ni. Ní Ilérò, ẹni tó ní ọkọ̀ ló ń gbé aláìsàn, òun ló ń gbé òkú, òun ló ń gbé ìyàwó. Ìwà ọmọlúàbí ni, òun ló sì ti gba ẹ̀mí àwọn èèyàn là.

13/
Èsì mi rèé. Ìjókòó kan ṣì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ti gbé ìyá mi lọ sọ́jà Òkèhò, ó ti gbé ìyá àgbà lọ yẹ ojú wò. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn mi lóru, màá dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí aboyún bá so mọ́ irú ọkọ̀ tí ọmọbìnrin tó ń ṣe fídíò rà, kì í ṣe èmi lẹ máa bi. Ẹ bi ìjọba ìbílẹ̀, ẹ bi ìjọba ìpínlẹ̀: ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn dà? Gbogbo ìgbà tá a bá sọ ọkọ̀ ọ̀dọ́ di ti ọsibítù, ńṣe la ń bá àwọn tó yẹ kó dáhùn mú ìbéèrè yẹn kúrò lórí tábìlì wọn.

14/
Mílíọ̀nù méjì tó fi dín sí Muscle ńkọ́? Ó ra ẹ̀rọ ìlọ̀-èlùbọ́ fún ìyá mi. Ẹ̀rọ yẹn ń pa owó wọlé lójoojúmọ́. Mo sọ èyí torí ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ mi ò fẹ́ fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ká ní kò sí ẹ̀rọ kankan, ọkọ̀ yẹn ṣì wù mí, ìyẹn náà sì jẹ́ ìdí. Àwọn àgbà ló ní ohun tó bá wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹnì kan ń ra asọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, ẹnì kan ń ra fóònù tuntun, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé aláìsàn mélòó ló máa gbé.

15/
Ìbéèrè kẹta, ta ló rà á fún ẹ? Bí ọkùnrin bá ra irú ọkọ̀ yìí, wọ́n á ní Yahoo ni. Bí obìnrin bá rà á, wọ́n á ní bàbá kan wà níbì kan. Ẹnu méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: pé ọ̀dọ́ ò lè ṣiṣẹ́ kówó tó pé. Mo kàwé jáde, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo padà sílé, mò ń ṣe fídíò fáwọn oníṣòwò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá èsúsú pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ MX-5. Àwọn ìyá yẹn ò bi mí ní ìbéèrè yìí rí, torí wọ́n mọ ọjọ́ tí mo sanwó àti ọjọ́ tí mo kó o.

16/
Ta ni kó má rà á? Tó bá jẹ́ òun nìkan lọkọ̀ tó máa wà nílé tó o ti ní ọmọ méjì, má rà á. Tó o bá fẹ́ yáwó rà á, má rà á. Tó bá jẹ́ pé torí kọ́mẹ́ǹtì ni, yá ti ọ̀rẹ́, ya fọ́tò, dá a padà. Epo ò sì ṣeé fojú di láti May 29, 2023 tí wọ́n ti ní kò sí owó ìrànwọ́ mọ́. Ẹni tí epo ọ̀sẹ̀ kan ń kó láyà sókè, ọkọ̀ kankan ò tíì kàn án, ká má tíì sọ ti ìgbádùn.

17/
Ẹni tí kò bá sí nínú àwọn wọ̀nyí, tówó rẹ̀ mọ́, tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ pé, kó rà á, kó sì má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kọ́mẹ́ǹtì ṣí sílẹ̀. Ẹ bi mí nípa ìdógùn-ún, bẹ́líìtì, òrùlé, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, màá dáhùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ta ló rà á" nìkan ni mi ò ní dáhùn mọ́. Ó wà lókè níbẹ̀.