Ẹ má tíì fi àlùmọ́gàjí kan iná Kérésì yín

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé mi ọjọ́ ti pẹ́ mọ̀ pé tó bá ti di ìparí ọdún, iná Kérésì ni mò ń bá kiri. Okùn iná aláwọ̀ oríṣiríṣi yẹn, tó ní àpótí kékeré kan pẹ̀lú bọ́tìnì kan ṣoṣo: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gé àpótí yẹn dànù, màá fi tèmi rọ́pò ẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ò le. Ní Ìjoun níbí, àpótí yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. NEPA á mú iná wá lójijì, á mú un lọ, á tún mú un dé. Tó bá fi máa di ọdún tuntun, gbogbo gílóòbù ṣì wà digbí, àpótí ti jóná, wọ́n á sì kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ààtàn. Ó máa ń dùn mí.

Èyí tó ṣeé tún ṣe ni èyí tó ní ṣíípù nínú gílóòbù kọ̀ọ̀kan, bíi WS2811 tàbí WS2812B. Wáyà mẹ́ta ló máa ń ní: ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń dá a padà, ìkẹta ń gbé àṣẹ. Gílóòbù àkọ́kọ́ á mú ìpín tiẹ̀ nínú àṣẹ, á taari ìyókù sí ìkejì, ìkejì náà á ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran iléyá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìpín kan jẹ́ bíìtì 24: 8 fún pupa, 8 fún àwọ̀ ewé, 8 fún búlúù. Ìyẹn ni gílóòbù kan fi lè gbé àwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 16. Ẹ̀yin wá fi bọ́tìnì kan há a mọ́ mẹ́jọ!

ESP8266 ni mò ń fi darí tèmi. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtàǹpàkò méjì lọ. WLED ni mo máa ń gbé sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, Wi-Fi tiẹ̀ fúnra ẹ̀ ló sì fi ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀, kò ní jẹ data yín. Èmi kọ́ ni mo dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o. Láti 2010 ni Robert Quattlebaum ti tú iná GE Color Effects palẹ̀ ní Amẹ́ríkà, okùn onígílóòbù 50, tó sì kọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ síta fún gbogbo ayé.

Lọ́dún tó kọjá mo ta á sí ojúde bàbá mi àgbà. Àwọ̀ kan ṣoṣo, tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni gbé àtùpà kọjá. Bàbá ní ó rán òun létí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ibẹ̀ ni mo ti ya fídíò. Ìṣẹ́jú àáyá 94 ló kọ́kọ́ jẹ́. Mo fẹ́ kó wọ 60, mo bá ń gé e. Ohun tí mo gé kúrò ni gbólóhùn tí mo ti sọ pé kì í ṣe gbogbo iná Kérésì lèèyàn ń gé, àti ibi tí mo ti yọ pílọ́ọ̀gì.

Fídíò yẹn rìn. Ó rìn dé Ayétòrò, dé ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14. Ó mú iná màmá ẹ̀, ó gé àpótí ẹ̀ bí mo ṣe gé tèmi. Pílọ́ọ̀gì wà lára ògiri. Iná gbé e. Ẹ̀gbọ́n mi ló sáré lọ pa á níbi mítà. Ọmọ yè, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bó.

Iná tiwọn yẹn ò ní ṣájà kankan. Volt 230 inú ògiri gan-an ló wà nínú wáyà tó tín-ín-rín bí òwú. Irú ẹ̀ kún ọjà, ojú lásán ò sì lè fi í yàtọ̀ sí tèmi nígbà tó bá ń tàn. Ẹ wo ìdí ẹ̀: tẹ́ ẹ ò bá rí ṣájà tí wọ́n kọ DC àti 5V tàbí 12V sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Òmíràn tún wà tó jẹ́ wáyà méjì, tí gílóòbù ẹ̀ ń pa àwọ̀ dà fúnra ẹ̀. Ìyẹn ò gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹ má da ara yín láàmú.

Àwọn kan sọ fún mi pé, "Ṣé ọmọ náà ò ní common sense ni?" Ó ní i jàre. Ohun tó rí ló ṣe. Ohun tí kámẹ́rà ò bá fi hàn, ẹni tó ń wò gbà pé kò sí níbẹ̀. Àwa tí à ń ṣe content la mọ ohun tá a gé dànù. Àwọn ò mọ̀.

Àwọn àgbà ilé wa ní kí n má kọ́ ọmọdé níṣẹ́ yìí mọ́. Níbẹ̀ yẹn mi ò gbà. Gílóòbù 20 olóvolt 5, lára ojú USB sólà, kò lè gbé ọmọ. WS2812B kan ń jẹ tó 60mA tó bá tàn funfun pátápátá, 20 á jẹ 1.2A, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù, ó tán. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á mọ ìdí tí a fi ń bẹ̀rù ti ògiri.

Mo ti tún fídíò náà yà. Ìṣẹ́jú méjì ó lé. Pílọ́ọ̀gì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Àwọn tó wò ó ò tó ìdámẹ́wàá ti àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí, mi ò ní parọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ nìkan o, ó ní kí n má fi ojú òun hàn.

Ẹni tó bá ṣì ní ti àkọ́kọ́ lórí WhatsApp ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Tuntun wà nísàlẹ̀ yìí.