Fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Amòòkùn

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìdógò, a sì rí i pé ọ̀ràn inú rẹ̀ kan ilé púpọ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 19, tí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Yewa láti kékeré, fẹ́ kọ́ bí a ti ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Ọkùnrin kan ti ṣe ìlérí pé ní ọjọ́ méjì péré òun yóò kọ́ ọ, òun yóò sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi wọ ilé iṣẹ́ epo. Kí ìyá yìí tó lè san owó náà, àfi kí ó ta oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó béèrè pé: Ṣé kí òun tà á?

Ìyá wa, ẹ má ì tíì tà á. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò dára. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ kan tí a ń pè ní Jascon-4 dojú dé lójú òkun Nàìjíríà. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó yè. Fún nǹkan bí wákàtí 60 ni ó fi wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú ọkọ̀ náà, ní ìsàlẹ̀ omi tí ó jìn tó mítà 30, kí àwọn amòòkùn tó rí i. Ọkùnrin yìí kan náà padà lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọdún 2015. Nítorí náà ẹ má ṣe bá ọmọ yín wí nítorí ohun tí ó ń fẹ́. Olùkọ́ ni kí ẹ wádìí.

Ọmọ yín yóò sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn baba wa sì wí pé òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Nínú odò Yewa, ohun tí ó kọ́ ni láti sé èémí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà Èkó ti ń ṣe. Afẹ́fẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fà sínú lókè omi a máa fún pọ̀ bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, a sì padà sí ìwọ̀n rẹ̀ bí ó bá gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mí láti inú àgbá ní ìsàlẹ̀ omi yàtọ̀. Bí ó bá fa afẹ́fẹ́ kún àyà ní mítà 10, tí ó sé èémí, tí ó sì gòkè, afẹ́fẹ́ náà yóò di ìlọ́po méjì kí ó tó dé òkè. Ẹ wo fèrè rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fẹ́. Bí a bá fẹ́ ẹ jù, yóò bẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n fún ọmọ yín nínú odò ni yóò jẹ́ ikú fún un pẹ̀lú àgbá lẹ́yìn, àfi bí ẹnìkan bá fi sùúrù kọ́ ọ láti gbàgbé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ yára gòkè. Afẹ́fẹ́ a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó pẹ́ ní ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá ṣí ìgò náà lójijì, yóò hó yaya. Nítorí èyí ni a fi fi Okene sínú iyàrá irin fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ lè padà sípò díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ olùkọ́ rere? Nípa ohun tí ó kọ̀ láti ṣe ni. Kì yóò gba owó kí ó tó béèrè ìlera ọmọ náà, bóyá ó ní ikọ́ fée, wárápá tàbí àrùn ọkàn. Bí iyèméjì bá sì wà, yóò ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Kì yóò gbé àgbá kọ́ ọ lẹ́yìn kí ó tó rí i pé ó lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 200, kí ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Inú omi tí kò jìn ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ PADI, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ kó ju akẹ́kọ̀ọ́ 8 lọ sínú omi gbangba, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti àgbàlagbà kò sì kọjá ìjìn mítà 18. Ẹ béèrè nọ́ńbà olùkọ́ náà, kí ẹ sì bi ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wo ẹ̀rọ tí ń rọ afẹ́fẹ́ sínú àgbá pẹ̀lú. Bí ẹnu rẹ̀ bá súnmọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì, májèlé kan náà tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé lójú oorun ni yóò wọ inú àgbá. Olùkọ́ tí ó bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dá a yín lóhùn.

Ní ti ìlérí ọjọ́ méjì, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìwé ẹ̀rí ti afẹ́ yàtọ̀ sí ti iṣẹ́. Ti afẹ́ pàápàá sábà máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ti iṣẹ́ a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó bá fi ìwé afẹ́ lọ sí ilé iṣẹ́ epo yóò padà wálé lọ́wọ́ òfo, oko yóò sì ti lọ.

Ẹ̀yin ará Ìdógò, níbi tí ojú irin láti Ìfọ̀ parí sí, kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí yín. Ní ayé ọkọ̀ eléédú, a kì í fi ọkọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní. Ẹni tí yóò wà á ti kọ́kọ́ ń ko èédú sínú iná fún ọdún pípẹ́.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ jẹ́ kí oko wà. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ó wọn mítà 200, kí ó sì dán an wò lójú ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí ó sì kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá rí olùkọ́ tí ó lè wí fún un pé, “Omi kò dára lónìí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé,” nígbà náà ni kí ẹ tún kọ̀wé sí wa nípa owó.