Ká Má Fi "Ó Ṣọ̀wọ́n" Ṣe Àwáwí: Jẹjẹrẹ Inú Ọkàn àti Àyẹ̀wò Tó Yẹ Kó Wà ní Ìwó

Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ọmọ. Ti inú ọkàn ńkọ́? Ó wà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú òkú 10,000 tí àwọn dókítà bá là yẹ̀ wò, nǹkan bíi 2 ni wọ́n máa ń bá kókó tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkàn lára wọn. Nínú irú kókó 4, bíi 3 kì í ṣe jẹjẹrẹ. Myxoma ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Ìkan tó kù ni jẹjẹrẹ, sarcoma ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, nígbà tí ibà ṣì ń pa ọmọdé, kí la fẹ́ fi àrùn tó ṣọ̀wọ́n báyìí ṣe? Èrò tiwa yàtọ̀.

Ẹ wo àmì rẹ̀: èémí kì í délẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, aláìsàn ò ní lè sùn àfi kó to ìrọ̀rí mẹ́ta léra. Àmì kan náà ni ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ di aláàárẹ̀ ń fi hàn, èyí sì pọ̀ láàrin wa. Nílé, wọ́n á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, wọ́n á fún un ní oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ẹsẹ̀ á fà, gbogbo ilé á dúpẹ́, kókó á sì máa dàgbà lọ.

Àyẹ̀wò echo ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ìró ni ẹ̀rọ náà fi ń ya àwòrán ọkàn, bíi scan aboyún. Kò sí abẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń rí kókó yìí náà ló ń rí ọkàn tó rẹ̀ àti omi tó yí ọkàn ká. Ẹni tó bá rà á nítorí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti rà á nítorí ẹnì kan yẹn pẹ̀lú.

Àkókò sì ṣe pàtàkì. Clarence Crafoord yọ myxoma ní Stockholm lọ́dún 1954, aláìsàn náà sì yè. Sarcoma le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó máa ń tètè dé ẹ̀dọ̀fóró, bí wọn ò bá sì rí i yọ, ọ̀pọ̀ kì í pé ọdún kan. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.

Nàìjíríà ò ṣàìní ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ náà; láti 1974 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ inú ọkàn ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Enugu. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Bowen wà ní Ìwó, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. UCH wà ní Ìbàdàn. Ìyá alátẹ tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀ á wá owó ọkọ̀, á wá ẹni tó máa sìn ín lọ, kó tó wá kan owó àyẹ̀wò.

Ìbàdàn ti ń ka àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti 1960, ṣùgbọ́n àrùn tí a kò dárúkọ kì í wọ ìwé. A ò lè mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó láàrin wa bí a kò bá wò ó.

Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀: kí ọjọ́ echo kan wà ní Ìwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní iye tí alátẹ lè san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ti rọ́wọ́ mú, ẹ lè dá owó rẹ̀ jọ. Àwa tá a ṣì wà níbí, bí ẹsẹ̀ ìyá wa bá tún wú lẹ́yìn oògùn, ká má wulẹ̀ ra oògùn sí i. Ká béèrè echo.