Rọ́bà Abẹ́ Ọkọ̀ Ló Yẹ Kó Ṣáájú Ríìmù

Ẹni tó bá dúró sétí títì márosẹ̀ Èkó sí Badagry lópin ọ̀sẹ̀, ní Mówó tàbí Aradagun, yóò rí mọ́tò àgbà tí wọ́n wọ aṣọ ọmọdé fún. Golf 3 tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún á máa kọjá pẹ̀lú ríìmù ńlá tó ń kọ mànà, táyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n sì ti gé sípíríìnì rẹ̀ kí ikùn rẹ̀ lè súnmọ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ikoga, ní agbègbè Badagry, náà kò gbẹ́yìn nínú àṣà yìí. Ohun tí wọ́n ń wá kò burú rárá: wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ dilẹ̀ mú ní kọ́nà, kó má máa fì bí wọ́n bá sáré, kó sì lọ síbi tí wọ́n bá yí sítíárìn sí. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Irin ni sípíríìnì, kì í tètè kú. Rọ́bà ló ń kú: bọ́ọ̀ṣì ìdí áàmù, rọ́bà orí ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀ṣì tó di ọ̀pá sítábíláísà mú, àti rọ́bà pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó bo bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, tó jẹ́ pé bó bá ti ya báyìí, omi àti iyanrìn ti ríbi wọlé nìyẹn. Gbogbo ohun tí bọ́ọ̀ṣì jẹ́ kò ju rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín irin róbótó méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Àwọn awakọ̀ mọ̀ pé ó ń gba ìgbọ̀nrìrì. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò kà sí ni pé òun náà ló ń mú táyà dúró sí ipò tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi í sí. Bó bá ti ya, bí awakọ̀ bá ṣe tẹ bíréèkì ni áàmù á sún sẹ́yìn díẹ̀, táyà á sì yà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sítíárìn. Wọ́n á ní ọkọ̀ ń fà, wọ́n á ra táyà tuntun, kò sì ní í ṣíwọ́ fífà.

Honda Accord ọdún 2003 sí 2007, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí End of Discussion, jẹ́ ẹlẹ́rìí dáadáa. Bọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà ní ìdí áàmù ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú tí àwọn mẹkáníìkì mọ̀ bí ẹni mowó, torí pé ó máa ń sán. Golf 3 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdábùú irin kan ṣoṣo ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́ọ̀ṣì ńlá méjì ló so irin náà mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n sì dìídì ṣe àwọn bọ́ọ̀ṣì yìí kí wọ́n lè máa tọ́ ẹ̀yìn sọ́nà nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Bí wọ́n bá ti kú, ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa yí ara rẹ̀. Kí ni ríìmù ínṣì 17 fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Ríìmù tó tóbi máa ń wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrù tó ń fi gún bọ́ọ̀ṣì tó ti ya á sì tún pọ̀ sí i.  

Ti sípíríìnì tí wọ́n ń gé ló yẹ kó bí ènìyàn nínú jù. Àyè tí táyà fi ń lọ sókè tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n gé kúrò yẹn. Kòtò tí sípíríìnì ìbá gbé mì, ọkọ̀ á gbá a ní àgbáyọ, gbì, agbára rẹ̀ á sì kọjá tààrà sínú bọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì àti ara ọkọ̀. Ẹni tó bá rò pé ọkọ̀ tó le tó sì lọ sílẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn, kó bi àwọn àgbà nípa Peugeot 504. Ó jáde ní 1968, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN) ní Kaduna ní 1975, ọdún yẹn gan-an sì ni Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú eré Safari Rally ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 V6 Coupé gbà á ní 1978. Sípíríìnì ọkọ̀ yẹn rọ̀, táyà rẹ̀ ní àyè tó pọ̀ láti lọ sókè sódò, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì lágbára láti kó o níjàánu. Ìdí nìyẹn tí táyà rẹ̀ kì í fi í tètè kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀ kò lè yà, kò sì lè dúró. Ṣọ́ọ̀kì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti jò tán ń jẹ́ kí táyà máa fò bí bọ́ọ̀lù, bíréèkì tó yẹ kó mú lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ á ti rìn jìnnà síwájú kó tó mú.

Àwọn kan á ní títì ni kò dára, kí ni èèyàn fẹ́ fi bọ́ọ̀ṣì tuntun ṣe níbẹ̀? Òótọ́ ni pé títì náà ti fojú àwọn ènìyàn rí màbo. Láti 2009 tí ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá, díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ ń lọ. Ọkọ̀ tó bá ti Ikoga ń lọ sí Mile 2, títì yìí ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò lè fi sípánà tún títì ṣe. Àtúnṣe tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni ti abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, bí ọ̀nà bá sì ṣe burú tó ni rọ́bà tó dáa ṣe níyì tó. Láàárín Agbára sí Sẹ̀mẹ̀, ibùdó àyẹ̀wò pọ̀ débi pé sísá àti dídúró lójijì ni gbogbo ìrìn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni bọ́ọ̀ṣì tó ti kú ti ń da ọkọ̀ nù. Ká má tíì sọ ti afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ tó ń mú kí bóòtù dípẹtà mọ́ inú bọ́ọ̀ṣì, tó fi jẹ́ pé gígé ni wọ́n máa ń gé e jáde.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Mọ́tò tòkunbọ̀ ti wọ́n, ìjọba àpapọ̀ sì ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017, nítorí náà ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń tọ́jú. Àwọn tó sì ń dé náà kò fi bẹ́ẹ̀ yá ju wọ́n lọ: nínú ìwádìí tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde ní 2020, ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n ń kó láti Netherlands wá sí Áfíríkà ni kò ní ìwé ẹ̀rí ìyẹ̀wò ọkọ̀ tó ṣì lágbára. Ní ọjà ASPAMDA nínú ọgbà Trade Fair, àti ní Ladipo ní Mushin, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu oníbàárà ni pé tòkunbọ̀ ojúlówó sàn ju tuntun ayédèrú lọ. Tó bá jẹ́ irin ni, wọn kò parọ́. Áàmù tòkunbọ̀ tí kò tẹ̀, tí kò sì dógùn-ún, dáa ju áàmù tuntun tí irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti rọ́bà yàtọ̀. Ooru, ọ́ìlì àti ọjọ́ orí ló ń pa rọ́bà, bọ́ọ̀ṣì tòkunbọ̀ sì ti lo ọjọ́ orí tirẹ̀ lọ́hùn-ún kó tó dé. Bákan náà ni ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n nù dán tí wọ́n kùn lọ́dà. Ẹni tó gbọ́n á ra áàmù tòkunbọ̀, á ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ rọ́bà rẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n sì tẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i. Gígé rọ́bà táyà há ojú bọ́ọ̀ṣì tó ti ya, bí àwọn kan ṣe ń ṣe, kì í ṣe àtúnṣe. Ariwo nìkan ló ń mú dákẹ́.

Bọ́ọ̀ṣì tuntun náà sì lè kú láàárín oṣù mélòó kan, ọwọ́ mẹkáníìkì ló wà. Ó ti gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, táyà ń fì dirodiro, áàmù ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ki bóòtù bọ̀ ọ́, ó fún un gan-an, ó sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe jókòó ni áàmù gòkè, ṣùgbọ́n irin inú bọ́ọ̀ṣì ti dì mọ́ ibi tí bóòtù fún un sí, rọ́bà náà wá lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Lílọ́ yẹn ni yóò wà tọ̀sán-tòru, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró, títí yóò fi ya. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: kí wọ́n kọ́kọ́ fi bóòtù sí i láìfún un tán, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tàbí kí wọ́n ti jáàkì kejì sábẹ́ áàmù títí ẹrù ọkọ̀ yóò fi wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá fún un. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni, ọlọ́kọ̀ ló sì yẹ kó dúró tì í kó rí i.

Àyẹ̀wò kò wọ́n. Wọ́n á jáàkì ọkọ̀, wọ́n á fọwọ́ mú táyà lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á mì ín. Bó bá ń dún kọ̀kọ̀, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí bíárìn ló wà níbẹ̀. Wọ́n á mú un lápá ọ̀tún àti lápá òsì; ti ìdí sítíárìn nìyẹn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní MOT ti wà láti 1960, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tó ti jẹ jù lè mú kí wọ́n má fún ọkọ̀ níwèé ẹ̀rí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í jiyàn. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà nílé ló ń bẹ mẹkáníìkì pé kó ṣáà jẹ́ kí ariwo rẹ̀ dákẹ́.

Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rọ́bà, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà náà ni aláímẹ́ǹtì tó wúlò. Ẹ̀rọ aláímẹ́ǹtì tí wọ́n bá fi wọn ọkọ̀ tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú, ibi tí táyà wà lójú ẹsẹ̀ yẹn ló wọ̀n. Bí awakọ̀ bá ti tẹ bíréèkì, ìwọ̀n náà ti di òmíràn. Kí ọlọ́kọ̀ wá wà á dé Badagry, kó wà á padà sí Ikoga. Bó bá ṣì wù ú kí ọkọ̀ le sí i, ṣọ́ọ̀kì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ táyà tó dáa, ríìmù sì lè dé nígbà tó bá rówó.